Ìdájọ́ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Dá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì rò pé ó yé mi. Ọjọ́ tí èmi náà dúró láàárín èrò ní Allen Avenue, ní Ìkẹjà, tí mò ń fi aláìsàn ṣe ìran wò, ni mo tó mọ̀ pé mi ò tíì gbọ́ ju ìdajì òwe náà lọ. Ẹni tí à ń wò lọ́jọ́ náà ní ìyá tó bí i, ó ní ẹ̀gbọ́n, ó sì ní orúkọ.

Màmá mi ń ta oúnjẹ ní òpópónà kékeré kan tó yà kúrò lára Allen. Ẹni tó bá mọ Allen mọ̀ pé ibẹ̀ kì í dákẹ́: báǹkì lọ́tùn-ún, báǹkì lósì, ariwo jẹnẹrétọ̀, àti èrò tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ búkà màmá mi ni ọkùnrin kan ti ń tún bàtà ṣe lábẹ́ agboòrùn ńlá. Gbogbo wa ń pè wọ́n ní Bọ̀dá Ṣúmẹ́kà. Bàtà tí mo kọ́kọ́ wọ̀ lọ sí iléèwé girama, àwọn ni wọ́n ń bá mi rán an nígbàkígbà tí ẹnu rẹ̀ bá ṣí. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ mi. Wọ́n á ní, "Àbúrò, máa lọ kàwé. Bó o bá yege, o ti san án nìyẹn."

Nígbà tí mo wà ní JSS 3, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lára Bọ̀dá. Wọn ò sùn lóru mọ́. Ọdẹ àdúgbò sọ pé òun máa ń bá wọn lábẹ́ agboòrùn wọn ní aago mẹ́ta òru. Wọ́n ń dá nìkan sọ̀rọ̀. Wọ́n á yọ ìṣó lára bàtà tí wọ́n ti kàn tán, wọ́n á tún un kàn, wọ́n á tún yọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí nìyí: bí àìsàn náà ṣe ń le sí i ni ọ̀rọ̀ ẹnu tiwa náà ń yí padà. Àwọn ọmọdé tó ń sọ pé "Ẹ káàsán, Bọ̀dá" bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "O tún ti dé". "Bọ̀dá Ṣúmẹ́kà" di "wèrè yẹn". Kò sí ilé-ẹjọ́ kan tó jókòó kí a tó gba ọ̀wọ̀ kúrò lára wọn. A kàn gbà á ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Bọ̀dá mú òòlù tí wọ́n fi ń kan ìṣó, wọ́n sì fi fọ́ ilẹ̀kùn gíláàsì ṣọ́ọ̀bù kan. Wọ́n ní àwọn tó wà nínú gíláàsì náà ń fi àwọn rẹ́rìn-ín. Àwòrán àwa tí a dúró lójú títì ló hàn nínú gíláàsì náà, a sì ń rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Mo wà níbẹ̀ nínú yunifọ́ọ̀mù mi. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹnikẹ́ni ò fara pa. Màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù pe ọlọ́pàá, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pè wọ́n, nítorí nǹkan wọn ló bà jẹ́. Àwọn ọlọ́pàá mú Bọ̀dá, wọ́n sì gbé wọn dé kóòtù májísíréètì lọ́jọ́ kejì. Adájọ́ fún wọn ní béèlì, pẹ̀lú onídùúró méjì tó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ ní Èkó. Títí dé ibí yìí, òfin ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Ẹ̀gbọ́n Bọ̀dá obìnrin wá láti Ìsẹ́yìn. Wọ́n kúnlẹ̀ fún màmá mi nínú búkà pé kí wọ́n ṣàánú, kí wọ́n ṣe onídùúró. Màmá mi kọ̀. Wọ́n ní, "Bí ó bá sá lọ ńkọ́? Ọmọ mẹ́ta ni mò ń dá tọ́." Inú bí mi sí màmá mi lọ́jọ́ náà. Èmi tí mo rẹ́rìn-ín ni mo ń bínú sí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Kò sẹ́ni tó ṣe onídùúró, nítorí náà wọ́n gbé Bọ̀dá lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n láti dúró de ìgbẹ́jọ́.

Nígbà ìsinmi, mo bá màmá mi lọ sí kóòtù. Akọ̀wé pe orúkọ Bọ̀dá lẹ́ẹ̀mẹta, Bọ̀dá ò dáhùn. Wọ́n ka ẹ̀sùn sí wọn létí, wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n jẹ̀bi tàbí wọn kò jẹ̀bi. Bọ̀dá wo bàtà agbẹjọ́rò tó dúró níwájú wọn, wọ́n ní, "Ìdí bàtà yìí ti ń ṣí. Ẹ jẹ́ n bá yín kàn án." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n adájọ́ ò rẹ́rìn-ín. Adájọ́ náà, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, sọ pé ẹni tó wà níwájú òun kò mọ ibi tó wà, òun kò sì lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ, kí dókítà sì kọ ìwé ránṣẹ́ sí kóòtù. Adájọ́ sún ẹjọ́ síwájú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọ̀rọ̀ náà máa gbà. Oṣù mẹ́rìnlá ló gbà.

Nígbà àkọ́kọ́, ìwé àṣẹ kóòtù kò tíì dé ọgbà ẹ̀wọ̀n. Nígbà kejì, ìwé ti dé, ṣùgbọ́n kò sí mọ́tò tó máa gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Nígbà kẹta, ọjọ́ ẹjọ́ bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Nígbà kẹrin, wọ́n dé ilé ìwòsàn, èrò ti pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n fún wọn ní ọjọ́ mìíràn tó jìnnà. Nígbà karùn-ún, wọ́n ti gbé adájọ́ lọ sí kóòtù mìíràn, ẹni tuntun sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ ka fáìlì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún àwọn ìdí márùn-ún yìí kà. Èwo nínú wọn ni ìwà ìkà? Mi ò rí ọ̀kan. Akọ̀wé ò kórìíra Bọ̀dá, wọ́dà ò kórìíra wọn, dókítà ò kórìíra wọn. Olúkúlùkù ló ní àlàyé tó mọ́gbọ́n dání. Síbẹ̀, nígbà tí a kó gbogbo àlàyé náà jọ, ọdún kan àti oṣù méjì ni, orí ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ sì wó lé.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nìyí: bí kò bá sí ẹni tó dá èèyàn lẹ́bi, tí onítọ̀hún sì ṣẹ̀wọ̀n, ta ló fi í ṣẹ̀wọ̀n? Ìdádúró tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni, àbí jàǹbá lásán, bí òjò tó wó ògiri?

Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin sọ. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 36, sọ pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò tíì jẹ̀bi títí ilé-ẹjọ́ yóò fi sọ pé ó jẹ̀bi. Ó ní kí wọ́n sọ ẹ̀sùn náà fún un ní èdè tó yé e, kí wọ́n sì fún un láyè láti múra ìgbèjà ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣàìsàn tó ti Bọ̀dá, kò sí èdè tí a lè fi ka ẹ̀sùn tó máa yé e. Kì í ṣe pé kò gbọ́ Yorùbá. Àìsàn ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọlé. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí ilé-ẹjọ́ dúró ná, kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀. Kí kóòtù òyìnbó tó dé ni àwọn baba wa ti mọ ìdí rẹ̀: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tí kò lè sọ tẹnu rẹ̀, bí a bá dá ẹjọ́ rẹ̀, ẹjọ́ ẹnìkan la gbọ́.

Nítorí náà, àánú ló wà nídìí dídúró yìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àánú náà dà. Ká ní ẹni tí làákàyè rẹ̀ pé ló fọ́ gíláàsì yẹn, ì bá jẹ́wọ́, ì bá san owó gíláàsì àti owó ìtanràn, ọ̀rọ̀ náà ì bá sì parí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí kò mọ ohun tó ṣe ni òfin fẹ́ ṣàánú, òun náà ló wá pẹ́ jù látìmọ́lé. A fi ìyà tó pọ̀ jù jẹ ẹni tí ẹ̀bi rẹ̀ kéré jù.

Abala 35 ìwé òfin kan náà sọ pé, bí ilé-ẹjọ́ bá wà láàárín 40 kìlómítà sí ibi tí wọ́n ti mú èèyàn, kí wọ́n gbé e débẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Bí ó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méjì ni, tàbí iye ọjọ́ tó pọ̀ díẹ̀ tí ilé-ẹjọ́ bá rí pé ó tọ́. Mo fẹ́ràn abala yìí. Àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé ẹ̀tọ́ tí a kò fi òǹkà sí lè di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, wọ́n sì fi kìlómítà àti ọjọ́ wọn ọ̀nà láti àtìmọ́lé dé ọ̀dọ̀ adájọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò wọn ọ̀nà láti àtìmọ́lé dé ọ̀dọ̀ dókítà níbẹ̀. Dókítà tí Bọ̀dá ń dúró dè kò jìnnà tó 40 kìlómítà sí ibi tí wọ́n tì wọ́n mọ́. Ọjọ́ kan ni wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ adájọ́. Ó lé lọ́dún kan kí wọ́n tó rí ìtọ́jú dókítà.

Bọ̀dá nìkan kọ́ ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọdún 2008, àjọ Amnesty International gbé ìròyìn jáde lórí àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé, nínú ẹlẹ́wọ̀n 100, ó kéré tán 65 ni ilé-ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi rí. Wọ́n tún bá àwọn kan níbẹ̀ tí wọn kò fẹ̀sùn kankan kàn; àìsàn ọpọlọ nìkan ni "ẹ̀ṣẹ̀" wọn. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìkòyí, níhìn-ín ní Èkó, èèyàn 800 ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, nígbà tí iná mànàmáná pa ẹlẹ́wọ̀n márùn-ún níbẹ̀, àwọn tó wà nínú rẹ̀ lé ní 3,000. Ẹ ronú nípa ẹni tí orí rẹ̀ ń dún bí ọjà, tí wọ́n wá fi sí àárín irú èrò bẹ́ẹ̀. Àìsàn tí ì bá rọ̀ ní kíá á le sí i níbẹ̀.

Ìtàn wa fi hàn pé ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n àti ọ̀rọ̀ aláìsàn ọpọlọ ti wọnú ara wọn tipẹ́. Ní 1907 ni ìjọba amúnisìn ṣí ilé àwọn alárùn ọpọlọ ní Yábàá. Fífi wọ́n pamọ́ kúrò lójú títì ló jẹ wọ́n lógún nígbà náà ju wíwò wọ́n sàn lọ. Òfin tí ìjọba amúnisìn ṣe lórí wọn ní 1916, tí wọ́n tún ṣe ní 1958, ni a ń tẹ̀ lé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari tó buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Ó pẹ́ gan-an kí òfin àtijọ́ náà tó fi ipò sílẹ̀. Àbí ẹ ò rí i pé àwọn aláìsàn ọpọlọ ti mọ dídúró tipẹ́tipẹ́?

Ṣùgbọ́n ìtàn kan náà tún fún mi ní ìrètí. Ilé ìwòsàn Lántòrò ní Abẹ́òkúta, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1944, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di ibi ìtọ́jú. Láti ibẹ̀ ni Arò ti jáde. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ayé gbọ́ nípa rẹ̀: ó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó wà nítòsí Arò, kí ẹbí kan wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n máa lọ gba ìtọ́jú, kí wọ́n sì máa ṣe iṣẹ́ oko bí ẹlòmíràn. Kò tì wọ́n mọ́lé. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ọgbà ẹ̀wọ̀n lè di ilé ìwòsàn bí a bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń ṣe lónìí ni òdì kejì rẹ̀: à ń kó aláìsàn lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n láìkó dókítà tẹ̀ lé e.

Àwọn kan yóò bi mí pé, "Bí ó bá ń díbọ́n ńkọ́?" Òótọ́ ni pé ọ̀daràn lè ṣe bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ìyà. Ṣùgbọ́n ta ló lè mọ ẹni tó ń díbọ́n yàtọ̀ sí ẹni tó ń ṣàìsàn? Dókítà ni. Bí dókítà bá tètè rí i, àṣírí rẹ̀ á tú, ẹjọ́ rẹ̀ á sì máa lọ. Bí dókítà kò bá tètè rí i, òun àti aláìsàn á jọ jókòó síbi kan náà. Ìdádúró kì í ya èké sọ́tọ̀ kúrò lára olóòótọ́.

Àwọn mìíràn yóò ní, "Ẹni tí wọ́n fọ́ gíláàsì rẹ̀ ńkọ́? Ṣé òun kì í ṣe èèyàn ni?" Ìbéèrè yìí tọ́. Màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà lọ sí kóòtù ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ní gbogbo ìgbà náà, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa, wọ́n wọkọ̀, wọ́n jókòó títí di ọ̀sán, wọ́n sì gbọ́ pé ẹjọ́ ti sún síwájú. Ẹnikẹ́ni ò san kọ́bọ̀ fún wọn. Nígbà tó yá, wọn ò lọ mọ́. Ìdádúró ò gbè wọ́n rárá. Àwọn àti Bọ̀dá ni ó jọ fìyà jẹ.

Àtakò tó le jù ni èyí: "Ìjọba ò lówó, dókítà ò tó." Lóòótọ́, àwọn dókítà ọpọlọ tó wà ní Nàìjíríà kò tó 300, àwa sì lé ní 200 mílíọ̀nù. Púpọ̀ nínú àwọn tí a kọ́ ti lọ sí òkè òkun. A ò lè bínú sí adájọ́ pé kò rí dókítà tí kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sí ìdí márùn-ún tí mo kà lẹ́ẹ̀kan: ìwé tí kò dé, mọ́tò tí kò sí, ọjọ́ ìsinmi, èrò tó pọ̀, adájọ́ tó yí padà. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló kan àìtó dókítà. Ọ̀kan kan àìsí mọ́tò. Mẹ́ta tó kù, àìsí ẹni tó ń ka ọjọ́ ló jẹ́ kí wọ́n pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa bi léèrè láràárọ̀ pé, "Ọjọ́ mélòó ni ọkùnrin yìí ti lò báyìí?", ìwé náà ì bá ti dé.

Ẹ jẹ́ ká wo Amẹ́ríkà, níbi tí owó wà. Ní ìpínlẹ̀ Indiana, wọ́n fẹ̀sùn kan ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Theon Jackson pé ó ja obìnrin méjì lólè. Gbogbo ohun tí wọ́n ní ó gbà kò ju dọ́là 9 lọ. Kò gbọ́ràn, kò lè sọ̀rọ̀, òye rẹ̀ kò sì ju ti ọmọdé lọ. Ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn títí yóò fi lè jẹ́jọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn dókítà ti sọ pé kò dájú pé ó lè jẹ́jọ́ láé. Ní 1972, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé èyí kò bófin mu: a kò lè ti èèyàn mọ́lé láìlópin kìkì nítorí pé kò lè jẹ́jọ́.

Síbẹ̀ àwọn náà kò tíì bọ́. Ní 2015, adájọ́ kan pàṣẹ fún ìpínlẹ̀ Washington pé aláìsàn tó wà látìmọ́lé kò gbọdọ̀ dúró ju ọjọ́ 7 lọ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi kún ọjọ́ tí wọ́n lè fi yẹ̀ ẹ́ wò, ó di ọjọ́ 14. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà kò lè pa àṣẹ yìí mọ́. Nígbà tó fi di 2023, adájọ́ ní kí wọ́n san ìtanràn tó lé ní 100 mílíọ̀nù dọ́là. Owó nìkan kọ́ ni ìṣòro, nítorí wọ́n lówó, aláìsàn sì ń dúró. Ohun tí wọ́n fi jù wá lọ ni pé ẹnì kan ń ka ọjọ́ níbẹ̀, ẹni tó bá jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá sì mọ̀ pé òun jẹ gbèsè.

Mo lè wá dáhùn ìbéèrè mi báyìí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ kan já sínú kànga ní àárín ọjà. Ẹnikẹ́ni ò tì í. Gbogbo ọjà gbọ́ igbe rẹ̀. Aláṣọ rò pé aláta ti lọ mú okùn wá, aláta rò pé alápatà ti lọ, alápatà ń dúró de baálẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ọmọ náà ṣì wà nínú kànga, ṣé a lè sọ pé kò sẹ́ni tó jẹ̀bi nítorí pé ẹnikẹ́ni ò tì í? Rárá o. Bíbọ́ tó bọ́ sínú kànga lè jẹ́ jàǹbá. Pípẹ́ tó pẹ́ níbẹ̀ kì í ṣe jàǹbá. Gbogbo ẹni tó gbọ́ igbe rẹ̀ ló jẹ ẹ́ ní okùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdádúró rí. Ìdájọ́ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò dá a. Ó ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó ní oṣù, ó ní ìyà. Adájọ́ nìkan ni kò ní. Àìní adájọ́ yìí ló sì jẹ́ kó burú ju ìdájọ́ gidi lọ. Bí adájọ́ bá ṣi ẹjọ́ dá, a lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Níbo la ti fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìdájọ́ tí ẹnikẹ́ni kò dá?

Mo ní láti ka ara mi mọ́ àwọn tó jẹ̀bi. Màmá mi kọ̀ láti ṣe onídùúró, ṣùgbọ́n wọ́n gbé oúnjẹ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, àwọn ló sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n Bọ̀dá máa sun ilé wa nígbàkígbà tí ẹjọ́ bá wà. Wọ́n ṣe ohun tí ẹ̀rù jẹ́ kí wọ́n lè ṣe. Èmi ńkọ́? Mo bínú, mo sì jókòó. Ìbínú mi kò mú Bọ̀dá sún mọ́ dókítà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan.

Níkẹyìn, okùn wá láti ibi tí kò ṣòro. Agbẹjọ́rò ọ̀dọ́ kan tó ń gbèjà àwọn aláìní gbọ́ ẹ̀gbọ́n Bọ̀dá níbi tí wọ́n ti ń sunkún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù. Ó gba ẹ̀dà ìwé àṣẹ náà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un dé ọgbà ẹ̀wọ̀n àti ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan náà. Láàárín oṣù kan, Bọ̀dá ti wà lọ́dọ̀ dókítà, wọ́n ń gba abẹ́rẹ́, wọ́n ń lo oògùn. Lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n béèrè ọṣẹ. Lọ́sẹ̀ kẹrin, wọ́n bi màmá mi bóyá mo ti wọ SS 1. Nígbà tí wọ́n padà sí kóòtù, olùfisùn kò wá, adájọ́ sì fa ìwé ẹjọ́ náà ya. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ìtọ́jú gbà. Ó lé lọ́dún kan tí dídúró gbà.

Ní èrò tèmi, àwọn nǹkan kan wà tí a lè ṣe láìdúró de owó púpọ̀. Kí ìwé àṣẹ tó rán èèyàn sí dókítà máa ní iye ọjọ́ lára, kí ó sì ní orúkọ ẹni tó máa dáhùn bí ọjọ́ bá pé. Kí dókítà máa wá sí ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ́jọ́ kan pàtó lóṣù, kí ó yẹ gbogbo wọn wò lẹ́ẹ̀kan náà, dípò kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa dúró de mọ́tò. Kí ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju gíláàsì fífọ́ lọ máa ti kóòtù lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, bí Dókítà Lambo ṣe ṣe é ní Arò.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, bí ẹ bá rí ẹni tí oorun rẹ̀ ti dá, tó ń dá nìkan sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró di ìgbà tó máa mú òòlù. Nínú búkà màmá mi, gbogbo wa la rí i kí gíláàsì tó fọ́. Ìdádúró Bọ̀dá kò bẹ̀rẹ̀ ní kóòtù. Ọ̀dọ̀ wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, a máa ń fi "Yaba Left" bú ara wa ní kíláàsì. Ẹ jẹ́ ká jáwọ́. Ibi tí èèyàn ti ń rí ìwòsàn kò yẹ kó jẹ́ èébú.

Bọ̀dá padà sí Allen nígbà tí mo wà ní SS 1, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti ń ta káàdì fóònù níbi tí agboòrùn wọn wà. Màmá mi fún wọn láyè níwájú búkà. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó, mo ní, "Ẹ kú àtijọ́, Bọ̀dá," mo sì kúnlẹ̀. Wọ́n bi màmá mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹjọ́ mi yẹn, báwo ni wọ́n ṣe dá a?"

Màmá mi ní, "Wọn ò dá a."

Bọ̀dá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Kí ni mo wá lọ ṣe níbẹ̀ fún gbogbo ìgbà yẹn?"

Màmá mi ò rí èsì fún wọn. Èmi náà ò rí i. Mo bọ́ bàtà mi tí ẹnu rẹ̀ ti ṣí, mo gbé e fún wọn, mo sì san owó rẹ̀.